Ó dì, ó dí, ó di: Ṣíṣàlàyé ìwòsàn ojú eyín pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ ní èdè Yorùbá

1. Ìfáàrà

Ní ilé ìtọ́jú eyín kan ní Kútọnu, gbólóhùn kan tí mo sọ ní èdè Yorùbá mú kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi dìde lórí àga, kí ó mú báàgì rẹ̀, kí ó sì jáde. Dókítà ló sọ̀rọ̀ ní èdè Faransé, èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀. Kò sí irọ́ nínú ohun tí mo sọ, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí màmá náà kò mọ̀ láti kékeré. Síbẹ̀, ohun tí ó gbọ́ yàtọ̀ sí ohun tí dókítà ní lọ́kàn.

Ìtọ́jú tí dókítà fẹ́ ṣe ni èyí tí wọ́n máa ń fi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ ran ojú eyín lọ́wọ́ kí ó lè tètè san, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ eyín tàbí tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ ní ẹnu. Ohun méjì ni mo fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí. Èkíní ni láti fi hàn ibi tí ìtumọ̀ mi ti kùnà. Èkejì ni láti ṣàlàyé ìtọ́jú náà, kí n sì fi hàn pé ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta tí gbogbo wa ń lò lójoojúmọ́, dì, dí àti di, tó láti la iṣẹ́ rẹ̀ yé aláìsàn, bí a bá fi etí sí ohùn wọn.

2. Ohun tó ṣẹlẹ̀

Ọmọ Kétu ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ó ti ń se ẹ̀kọ tà ní Kútọnu, níbi tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń pè é ní àkàsà. Ó gbọ́ Fọ̀n dáadáa, ṣùgbọ́n Faransé rẹ̀ kò kọjá ìkíni àti iye owó. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bá a lọ sí ilé ìwòsàn.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n yọ eyín rẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n yọ ọ̀kan ní ibòmíràn. Nígbà tí ó délé, ó wo inú dígí, ó rí ẹ̀jẹ̀ dúdú tó dì sínú ihò eyín náà, ó sì rò pé ìdọ̀tí ni. Ó fi pákò yọ ọ́ kúrò, ó sì fi omi iyọ̀ gbígbóná fọ ẹnu rẹ̀ kíkankíkan. Ní ọjọ́ kẹta, ìrora bẹ̀rẹ̀ láti ihò náà dé etí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi lè sùn.

Nítorí náà, nígbà tí eyín ìsàlẹ̀ mìíràn bà jẹ́, tí dókítà sì gbọ́ ìtàn ti àkọ́kọ́, ó ní òun yóò fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní apá rẹ̀, òun yóò fi ẹ̀rọ yí i, òun yóò sì fi ohun tó bá dì níbẹ̀ sínú ihò náà. Mo yíjú sí màmá, mo ní:

(1) Wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì fi í sí ojú eyín yín.

Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá, kò ní dùn yín." Ìbéèrè tí kò bi mí ni mo dáhùn. Ìgbà yẹn ni ó dìde.

3. Níbo ni gbólóhùn (1) ti kùnà?

Pọ́nna ni gbólóhùn náà, ọ̀rọ̀-ìṣe gbà ni ó sì fa pọ́nna yìí. Ẹ wo àpẹẹrẹ wọ̀nyí:

(2) a. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára mi.
b. Mo gba ẹ̀jẹ̀ nígbà tí mo bímọ.

Ní (2a), ẹ̀jẹ̀ ń kúrò lára mi. Ní (2b), ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni ó ń wọ ara mi. Gbà kò sọ fún wa ju pé ohun kan dé ọwọ́ olùwà lọ. Bí a kò bá dárúkọ ibi tí nǹkan náà ti wá, olùgbọ́ ni yóò fi ọgbọ́n orí rẹ̀ wá a. Bí ẹnìkan bá sọ pé "wọ́n gba owó, wọ́n fi kọ́ ilé," ohun tí gbogbo wa yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé owó ta ni. Ìbéèrè yìí gan-an ni màmá bi mí. Ọ̀rọ̀ tí dókítà lò ní Faransé, prélever, kò fàyè gba irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, nítorí ó ti fi hàn pé láti ara ẹnìkan ni wọ́n ti ń mú nǹkan náà jáde.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo pàdánù ni propre. Dókítà sọ ọ́, èmi fò ó. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe kan ṣoṣo ni ní Faransé. Ní Yorùbá, iṣẹ́ kan náà béèrè fún gbólóhùn akíyèsí alátẹnumọ́, pẹ̀lú fúnra:

(3) Wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní apá yín. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yin fúnra yín ni wọ́n á fi dí ihò eyín náà. Kò sí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn níbẹ̀.

Gbólóhùn mẹ́ta ló dúró fún ọ̀rọ̀ kan. Kò yẹ kí èyí kó ìtìjú bá wa. Ẹni tó bá ń ka iye ọ̀rọ̀ nígbà tó ń túmọ̀ fún aláìsàn ti ṣìnà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé fà sàn ju gbà lọ níhìn-ín, ṣùgbọ́n òun náà nílò ìrànlọ́wọ́. A lè "fa ẹ̀jẹ̀ ní apá" ẹnìkan, a sì lè "fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára." Ohun tó tẹ̀ lé àbọ̀ ni ó ń fi ọ̀nà hàn. Bí a bá gé e kúrò, pọ́nna yóò tún padà.

Ẹ̀kẹta ni fi. Nínú ìròyìn àti nínú fíìmù, ibi tí àwọn ènìyàn ti sábà máa ń gbọ́ "fi ẹ̀jẹ̀ ṣe" ni ọ̀rọ̀ oògùn owó. Bí àgbàlagbà kan bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀, tí kò mọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó jẹ́, tí kò sì mọ ibi tí èyí tó kù yóò gbà lọ, ọgbọ́n ni bí ó bá dìde. Kò yẹ kí a pè é ní àìmọ̀kan. Èmi tí mo túmọ̀ ni mo jẹ̀bi.

4. Dì, dí, di

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ bá a níbi tó ti ń pọ́n ẹ̀kọ sínú ewé. Mo tọrọ gáfárà, mo sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí mo ṣe kọ ọ́ ní (3). Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wo ẹ̀kọ tó wà níwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fà yẹn, ṣé yóò dì bí ẹ̀kọ ti í dì ni?"

Ó ti fún mi ní ọ̀rọ̀ tí mo ń wá. Láti inú ìbéèrè rẹ̀ ni mo ti rí àpẹẹrẹ yìí:

(4) a. Ẹ̀jẹ̀ dì.
b. Ó dí ojú ihò.
c. Ó di ẹran.

Kọ́ńsónáǹtì kan náà, fáwẹ̀lì kan náà, ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Dì, tó ní ohùn ìsàlẹ̀, kò gba àbọ̀ nínú ìlò yìí. Omi, epo, ẹ̀kọ àti ẹ̀jẹ̀ lè dì. Dí, tó ní ohùn òkè, ń béèrè ohun tí a dí. Di, tó ní ohùn àárín, ń béèrè ohun tí nǹkan yí padà sí. Bí (4a) ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn dé (4c), bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ojú eyín ṣe ń san.

Ó dì. Bí eyín bá kúrò, ihò tó kù nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò kún fún ẹ̀jẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ ni àwọn ohun tíntìntín kan wà tí a kò lè fi ojú lásán rí. Nínú microlitre kan, èyí tó kéré ju ẹ̀kán omi kan lọ fíìfíì, iye wọn nínú ara tó le máa ń wà láàárín 150,000 sí 400,000. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ọgbẹ́ wà, tí wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà ni fibrin, tó dà bí fọ́nrán òwú, yóò hun ara rẹ̀ bí àwọ̀n yí wọn ká. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn ti dì.

Ó dí. Ẹ̀jẹ̀ tó dì yìí ni ìdérí ihò náà. Ó bo egungun àti iṣan ìmọ̀lára mọ́lẹ̀, kí afẹ́fẹ́, oúnjẹ àti kòkòrò àrùn má bàa kàn wọ́n. Bí ó bá ṣí kúrò, egungun yóò wà ní ìhòòhò, ìrora líle yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ kejì sí ìkẹrin. Ohun tó ṣe màmá ní àkọ́kọ́ nìyẹn. Ohun tí ó pè ní ìdọ̀tí ni oògùn tí ara rẹ̀ ti sè fún un. Sìgá mímu náà wà lára ohun tó ń mú kí ìṣòro yìí pọ̀ sí i, àwọn eyín ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́yìn pátápátá ni ó sì máa ń bá jù.

Ó di. Bí ìdérí náà bá dúró, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké yóò hù wọ inú rẹ̀, yóò sì máa di ẹran díẹ̀díẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹran yóò ti bo ojú ihò náà. Egungun tó wà nísàlẹ̀ máa ń gba oṣù púpọ̀ kí ó tó kún.

Níbo wá ni ẹ̀rọ dókítà ti wọlé? Kò ṣe ju kí ó mú ohun tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀, kí ó kó o jọ, kí ó sì dá a padà síbi tí a ti nílò rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é fún màmá ni èyí tí Joseph Choukroun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 2001. Wọ́n máa ń fa ẹ̀jẹ̀ sínú túùbù tó gba mílílítà 10, láìfi oògùn kankan sí i. Túùbù méjì tí wọ́n lò fún màmá kò ju ṣíbí ìmu-tíì mẹ́rin lọ, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ inú àgbàlagbà kan tó nǹkan bí lítà márùn-ún. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń kó túùbù náà sínú ẹ̀rọ tí ń yí bírí, nítorí ẹ̀jẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó dì. Nínú ìlànà àkọ́kọ́, ẹ̀rọ náà ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú 10. Àwọn ìlànà mìíràn tó tẹ̀ lé e dín eré ẹ̀rọ náà kù.

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bí a bá gbé ògì kalẹ̀ di ọjọ́ kejì, èyí tó wúwo yóò lọ sísàlẹ̀, omi rẹ̀ yóò sì tòrò sókè. Ohun tí ògì fi òru kan ṣe ni ẹ̀rọ fi ìṣẹ́jú 10 ṣe. Ẹ̀jẹ̀ pupa á wà nísàlẹ̀ túùbù, omi aláwọ̀ ìyeyè á wà lókè. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti yàtọ̀ sí ògì ni pé ohun kan dì sí àárín méjèèjì, ó rọ̀, ó sì ń yọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Àárín yìí ni wọ́n ń wá. Dókítà yóò fi ohun ìmúǹkan gbé e, yóò yà á kúrò lára ẹ̀jẹ̀ pupa, yóò tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, yóò fi í sínú ihò eyín, yóò sì rán ojú rẹ̀. Àwọ̀n fibrin náà há ọ̀pọ̀ àwọn ohun tíntìntín tí mo sọ ṣáájú mọ́ra, àti àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á máa tú èròjà jáde tó ń pe òpó ẹ̀jẹ̀ àti ẹran tuntun wá síbẹ̀.

Ọ̀nà kan ti wà ṣáájú ti Choukroun, tí Whitman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1997, tí Marx àti àwọn tirẹ̀ sì tẹ̀ lé ní 1998 ní Amẹ́ríkà. Ní tiwọn, wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn sí ẹ̀jẹ̀ kí ó má bàa dì, lẹ́yìn náà wọ́n á tún fi nǹkan mìíràn sí i kí ó lè dì. Mo sọ fún màmá pé bí ẹ̀kọ àti wàrà ni méjèèjì ṣe rí. Àwọn Fúlàní kì í rí wàrà dì láìfi oje bomubómu sí i. Ẹ̀kọ ní tirẹ̀ kò béèrè nǹkan kan. Ọ̀nà Choukroun ni ti ẹ̀kọ.

Kò yẹ kí olùtúmọ̀ ṣe ìpolówó. Ìwádìí lórí yíyọ eyín ẹ̀yìn fi hàn pé ọ̀nà yìí lè dín ìrora àti ewu kí egungun wà ní ìhòòhò kù ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀rí pé ó ń mú egungun tètè kún kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Bákan náà, ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí wọ́n tó fọwọ́ kan eyín rẹ̀ rárá.

5. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a nílò

Àwọn onímọ̀ èdè wa ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí èdè-ìperí fún gírámà àti lítíréṣọ̀. Ìtọ́jú eyín ṣì ń dúró dè wá. Mo fẹ́ dábàá mẹ́ta, kí n sì kìlọ̀ nípa méjì.

Ní ọdún 1882 ni Giulio Bizzozero, ará Ítálì, fi hàn pé àwọn ohun tíntìntín inú ẹ̀jẹ̀ ń kópa nínú bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì. Orúkọ tó fún wọn, àti èyí tí Faransé ń lò, plaquette, ń tọ́ka sí ìrísí wọn: àwo pẹlẹbẹ kékeré. Bí a bá túmọ̀ èyí sí "àwo kékeré," aláìsàn yóò máa ronú nípa ilé ìdáná. Yorùbá fẹ́ràn láti fi iṣẹ́ sọ nǹkan lórúkọ: apẹja, adájọ́, agbẹjọ́rò. Nítorí náà mo dábàá amẹ́jẹ̀dì: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- pẹ̀lú mú, ẹ̀jẹ̀ àti dì. Fáwẹ̀lì mú ti jẹ́ pípajẹ, ohùn òkè rẹ̀ sì bọ́ sórí fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e. Fún fibrin, fọ́nrán ẹ̀jẹ̀ tó. Fún ohun tí ẹ̀rọ ṣe, mo dábàá ẹ̀jẹ̀ àmúdì, kí a lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀jẹ̀ tó dì fúnra rẹ̀ nínú ihò.

Nígbà tí màmá gbọ́ amẹ́jẹ̀dì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwọn ọmọ-iṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn." N kò tíì ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

Ìkìlọ̀ kìíní: ẹni tó bá fẹ́ kékúrú ọ̀rọ̀ lè fẹ́ fi àfòmọ́ è- ṣẹ̀dá èdì láti ara dì. Ọ̀rọ̀ náà ti ní olówó: oògùn tí wọ́n fi ń di ènìyàn lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ ni. Ẹ wo bí yóò ti rí bí a bá gbé èdì àti ẹ̀jẹ̀ sínú gbólóhùn kan níwájú aláìsàn tí ẹ̀rù ti ń bà.

Ìkìlọ̀ kejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ tí Faransé ń pe ìṣòro tó bá màmá ní àkọ́kọ́ ń sọ pé ihò náà gbẹ. Ṣùgbọ́n ní Yorùbá, bí a bá ní ojú ọgbẹ́ ti gbẹ, a ń dúpẹ́ ni: ó ti ń san. Bí dókítà bá kìlọ̀ pé kí ojú eyín má gbẹ, tí a sì túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, aláìsàn yóò gbọ́ òdì kejì. Ó sàn kí a sọ pé ìdérí ihò náà ti ṣí, tàbí pé egungun wà ní ìhòòhò.

6. Ohùn lórí ìwé

Ìtọ́ni tí aláìsàn ń mú lọ sílé sábà máa ń wà lórí ìwé tàbí lórí fóònù, láìsí àmì ohùn. Yálà a kọ ọ́ pẹ̀lú ẹ àti ọ bí ti Nàìjíríà, tàbí pẹ̀lú ɛ àti ɔ bí ti álífábẹ́ẹ̀tì Bẹ̀nẹ̀, bí àmì ohùn kò bá sí, dì, dí àti di ti di ọ̀kan náà. Kódà, àmì ohùn nìkan kò tó ní gbogbo ìgbà. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń padà sí ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ rẹ̀. Dì tó túmọ̀ sí kí a so nǹkan di di nínú "ó di ẹrù," gbólóhùn náà sì lè túmọ̀ sí pé ẹnìkan so ẹrù tàbí pé nǹkan yí padà, ó di ẹrù.

Ìdí nìyí tí mo fi dábàá pé kí a fún ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ní ẹnìkejì tí kò ní fi í sílẹ̀: dì bí ẹ̀kọ, dí ojú ihò, di ẹran tuntun. Ẹni tó bá rí "di bi eko" lórí fóònù kò ní ṣì í kà. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni mo kọ ìtọ́ni fún màmá:

(5) Ẹ̀jẹ̀ inú ihò yóò dì bí ẹ̀kọ. Ẹ má yọ ọ́, òun ló dí ojú ihò. Ẹ má fọ ẹnu kíkankíkan lónìí. Ẹ má fi pákò tàbí ahọ́n tọ́ ọ. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, yóò di ẹran tuntun.

7. Ìkádìí

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a padà lọ. Kí ó tó jókòó, màmá ní kí n bi dókítà ní ìbéèrè kan: "Èyí tó bá kù ńkọ́?" Mo túmọ̀ rẹ̀ láìfo ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí wọ́n parí, dókítà gbé túùbù méjèèjì, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ pupa tó kù nísàlẹ̀ wọn, ó jẹ́ kí ó rí i bí òun ṣe jù wọ́n sínú garawa ìdọ̀tí ilé ìwòsàn. Màmá mi orí.

Ọjọ́ kẹta kọjá, ìrora bíi ti àkọ́kọ́ kò dé. Ẹnìkan kì í ṣe ẹ̀rí, n kò sì lè sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ àmúdì ni ó ṣe é tàbí pákò tí kò fi tọ́ ọ. Ohun tí mo lè sọ ni pé lọ́jọ́ kejì yìí, ó mọ ohun tí ó gbà pé kí wọ́n ṣe sí ara òun. Ní àkọ́kọ́, bí ó bá jókòó tí kò bèèrè ohunkóhun, a ì bá pè é ní gbígbà, kò sì ní jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ máa ń bá ìyá àti bàbá yín lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú yìí, tí wọ́n máa ń ní kí ẹ "kàn sọ fún wọn," ẹ ti ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ èdè láìgba owó. Bí àgbàlagbà bá bi yín pé "Ẹ̀jẹ̀ ta ni?", ẹ dáhùn ìbéèrè náà kí ẹ tó ní kí ó fọkàn balẹ̀.